Wákàtí 33 Láìfojú Kan Oorun: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù The Spirit of St. Louis

Ọkùnrin kan nà gbalaja sórí ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Garden City, nítòsí New York, kò sì rí oorun sùn. Òjò ń rọ̀ níta. Àwọn oníròyìn kún ìsàlẹ̀ ilé náà fọ́fọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ láìdákẹ́, gbogbo wọn ń kọ̀ròyìn nípa ọkùnrin tó wà lókè yìí, ẹni tó fẹ́ dá nìkan wa bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Paris bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ojú ọjọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó kù fún un láti ṣe ní òru ọjọ́ náà ju kó sùn lọ, ìyẹn gan-an ni kò sì ṣeé ṣe. Ibi tí fíìmù The Spirit of St. Louis, tí wọ́n fi orúkọ bàálù náà pè, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oorun tí Charles Lindbergh kò rí sùn ní òru yẹn di gbèsè tó tẹ̀ lé e gorí òkun, tó sì ń sin ín lówó ní wákàtí wákàtí títí ó fi dé ilẹ̀ Faransé.

Ọdún 1957 ni ilé-iṣẹ́ Warner Bros. gbé fíìmù náà jáde. Billy Wilder ló darí rẹ̀, òun àti Wendell Mayes ni wọ́n jọ kọ ọ́, inú ìwé tí Lindbergh fúnra rẹ̀ kọ nípa ìrìn-àjò náà ni wọ́n sì ti fa ìtàn yọ. Ìwé yẹn jáde ní ọdún 1953, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Pulitzer ní ọdún tó tẹ̀ lé e. James Stewart ló ṣe Lindbergh. Fíìmù náà gùn tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15, aláwọ̀ mèremère ni, ojú àwòrán rẹ̀ sì fẹ̀ gidigidi, nítorí náà mo bẹ ẹni tó bá fẹ́ wò ó pé kó má ṣe wò ó lórí fóònù, torí pé bàálù tó dà bí eṣinṣin lórí òkun tó lọ salalu kò lè hàn bó ṣe yẹ nínú gíláàsì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èmi ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, bàbá mi jókòó tì mí. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn, ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń kó ẹrù láti Àpápá lọ sí Kánò, òru ni wọ́n sì sábà máa ń rìn. Ohun tí wọ́n sọ bí a ti ń wò ó lọ ló jẹ́ kí n mọ ohun tí fíìmù yìí dá lé lórí gan-an, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ ìtàn náà lè bá wa lọ, Raymond Orteig, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣòwò hòtẹ́ẹ̀lì ní New York, fi dọ́là 25,000 lélẹ̀ ní ọdún 1919 fún awakọ̀ bàálù tó bá kọ́kọ́ fò láti New York dé Paris, tàbí láti Paris dé New York, láìdúró lọ́nà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò tíì fò kọjá òkun náà rí. Ní ọdún 1919 yẹn kan náà, John Alcock àti Arthur Brown gbéra ní Newfoundland wọ́n sì balẹ̀ sí Ireland, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn fi díẹ̀ ju ìdajì ti New York sí Paris lọ ni, àwọn méjì ni wọ́n sì wà nínú bàálù náà. Àwọn tó wá ẹ̀bùn Orteig lọ kò rí ohun tó dára bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926, bàálù René Fonck, ògbóǹtarìgì ajagun òfuurufú ilẹ̀ Faransé, wúwo kọjá ohun tó lè gbéra nílẹ̀, ó gbiná, méjì nínú àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1927, Noel Davis àti Stanton Wooster kú níbi tí wọ́n ti ń dán bàálù tiwọn wò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, Charles Nungesser àti François Coli gbéra ní Paris, a kò sì gbúròó wọn mọ́ títí di òní. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ọdún 25 kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó lẹ́tà nínú bàálù láàárín St. Louis àti Chicago, dá nìkan wọ bàálù tirẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí fíìmù náà sọ fún wa nípa bí ó ṣe dé ibẹ̀, ìtàn kíkọ́ bàálù náà ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn oníṣòwò kan ní St. Louis dá owó jọ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé dọ́là 15,000 lọ bá ilé-iṣẹ́ kan ní New York láti ra bàálù wọn, wọ́n ní àwọn yóò tà á, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò yan ẹni tí yóò wà á. Ó fi owó náà sápò, ó sì lọ sí San Diego ní ìhà kejì Amẹ́ríkà, sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Ryan Airlines. Ibẹ̀ la ti rí Mahoney, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, tó ń fi iná tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin dín ẹja láàárín ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ti rí ẹja yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ àwọn tó mọṣẹ́ ni ọmọ náà bọ́ sí, nítorí ẹni tó ń jẹun níbi iṣẹ́ kò ní ilé méjì. Òun, Lindbergh àti Donald Hall tó ya bàálù náà sórí pépà fi orí korí, wọ́n sì ṣe é jáde ní ọjọ́ 60. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,580.

Wilder ní sùúrù láti jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń sọ ọ́. Níbo ni kí a gbé tánkì epo ńlá sí? Bí a bá gbé e sẹ́yìn awakọ̀, tí bàálù bá fi imú gbálẹ̀, tánkì yóò tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, iwájú rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ìyẹn ló sì fà á tí bàálù tó fẹ́ lọ sí Paris kò fi ní fèrèsé kankan níwájú. Ẹ̀gbẹ́ ni ọkùnrin náà ń yọjú sí, tàbí kó wo iwájú láti inú ẹ̀rọ onídígí kékeré kan tó ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ bàálù. Gálọ́ọ̀nù epo 450 ni wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi gbogbo nǹkan mìíràn dù ú: kò sí rédíò, kò sí párásúùtù, àga hínhun tó fúyẹ́ ló jókòó lé, ó tilẹ̀ gé etí àwọn máàpù rẹ̀ tí kò wúlò dànù kí wọ́n lè fúyẹ́ sí i. Ẹni tó bá ti di ẹrù sọ́kọ̀ rí yóò mọ ohun tí ìṣirò yìí túmọ̀ sí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní àwọn náà ti yọ táyà àpọ̀jù sílẹ̀ rí nítorí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, àwọn sì jẹ̀bi rẹ̀ ní Jẹ́bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ilẹ̀ Roosevelt Field, pápá bàálù tó ti fẹ́ gbéra nítòsí New York, ti di ẹrẹ̀ ṣàbàṣàbà. Kọ́ḿpáàsì tí wọ́n fẹ́ kó máa wò wà lókè lẹ́yìn orí rẹ̀, kò sì lè rí i láìní dígí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà láàárín àwọn tó wá wòran, láti Philadelphia ló ti wá, kò sí orúkọ fún un nínú fíìmù náà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú dígí àtíkè rẹ̀ jáde, ó sì fún un. Wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Patricia Smith tó ṣe ọmọbìnrin náà kò ṣe àṣejù, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó kàn ń wo dígí rẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ìtàn tòótọ́ ni, Lindbergh kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bàálù tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n fi oṣù méjì ṣe làálàá lé lórí, dígí obìnrin àti ṣingọ́ọ̀mù ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹ fi dígí yẹn sọ́kàn, nítorí Wilder kò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbígbéra. Epo ti mú kí bàálù náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi ní láti fi èjìká tì í kí táyà rẹ̀ tó yí. Wilder kò kánjú rárá. Ó jẹ́ kí a rí táyà bó ti ń rì sínú ẹrẹ̀, ó jẹ́ kí a rí àwọn tó ń tì í bí wọ́n ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú wa padà sọ́dọ̀ wáyà tẹlifóònù tó nà lópin pápá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí a fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni ikú lúgọ sí. Bàálù náà gbéra díẹ̀, ó tún balẹ̀. Ó tún gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún gbá omi inú kòtò. Gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé ọkùnrin náà yè é, kí wọ́n tó ṣe fíìmù yìí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń kọrin orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ mo di apá àga mú ní ìgbà kẹta tí mo ń wò ó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dì í mú ní ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó fo wáyà náà kọjá, mo gbọ́ tí bàbá mi mí kanlẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ti tán lẹ́yìn rẹ̀ tó ku òun àti òkun nìkan, ẹnikẹ́ni yóò rò pé omi ni yóò jẹ́ ọ̀tá, tàbí ìjì. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, yìnyín náà sì wà, ó ń dì mọ́ apá bàálù nínú ìkùukùu òru títí bàálù náà fi ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹyẹ tí òjò pa. Ṣùgbọ́n oorun ló ń bá a jà jù. A rí i bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń wúwo, bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń là díẹ̀díẹ̀, bí orí rẹ̀ ṣe ń rẹ̀ wálẹ̀ tó sì ń ta kìjí. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Eṣinṣin kan tó bá a wọ bàálù di ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ń bá a jíròrò bóyá ìwúwo eṣinṣin ń kan bàálù nígbà tó bá ń fò nínú rẹ̀. Àwọn kan ka eṣinṣin yìí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Èmi kò bá wọn jiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí eṣinṣin náà bá afẹ́fẹ́ jáde lójú fèrèsé kí ilẹ̀ tó tán pátápátá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wọ inú bàálù náà kan èmi pàápàá.

Ibi tí ọkùnrin náà ti tòògbé ni bàbá mi ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Oorun kì í bá awakọ̀ jà. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní àwọn máa ń jẹ obì gbànja láti Mọ́kwà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹnu àwọn á korò, ojú àwọn á là sílẹ̀ gbagada, síbẹ̀ àwọn kò ní rí igi tó wà níwájú àwọn. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ máa ń dùn, á ní kí o ṣáà fi ojú sinmi títí o ó fi ka márùn-ún. Bí Stewart ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò dà bí ojú ẹni tí nǹkan ń dẹ́rù bà. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń fi ohun dídùn lọ̀. Ó sùn lọ. Bàálù náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òkun nígbà tí oòrùn ti yọ. Ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ kọ lu dígí àtíkè ọmọbìnrin tí kò lórúkọ yẹn, tó sì ta sí i lójú. Ó jí. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún wa, orin kò sì pariwo láti sọ fún wa pé kí a kíyè sí i. Mo rò pé kò sí ibi tí Wilder ti fi hàn jù báyìí lọ pé àgbà ọ̀jẹ̀ ni òun nínú iṣẹ́ yìí.

Ohun kan wà nínú ìtàn tòótọ́ tí ì bá wù mí kó wà nínú fíìmù náà. Bàálù yẹn kò dúró gbọn-in lójú òfuurufú. Kí iṣẹ́ lè tètè parí, ìrù bàálù Ryan àtijọ́ ni wọ́n fi sí i, ìrù náà sì kéré fún un. Bí awakọ̀ bá ti fọwọ́ dẹ ẹ́ díẹ̀, yóò yà kúrò lọ́nà. Lindbergh kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àìdúró-gbọn-in yẹn wà lára ohun tó ń jí òun. Bàálù tó bá rọrùn láti wà ì bá ti pa á.

Ohun tí mo tún ń ka Wilder lẹ́bi rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé ọdún 1953 náà, Lindbergh jẹ́wọ́ ohun tí kò sọ nínú ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ní ọdún 1927, pé nígbà tó ti fò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn ẹ̀dá kan wọlé bá òun nínú bàálù náà, wọ́n rí bí èéfín, ohùn wọn jẹ́ ti ènìyàn, wọ́n ń wọlé wọ́n ń jáde láti ara bàálù bí ẹni pé irin kò sí níbẹ̀, wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, wọ́n sì ń fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ó fi ọdún 26 pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọkàn ìwé náà, kò sì sí nínú fíìmù rárá. Dípò àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, eṣinṣin ni wọ́n fún wa. Mo mọ̀ pé ọdún 1957 ni, mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló náwó sí i, tí wọ́n sì lè bẹ̀rù pé àwọn òǹwòran yóò sọ pé orí akọni ti dàrú. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí a ti mọ̀ pé ẹni tó bá rìn jìnnà lóru lè rí ohun tí ojú ọ̀sán kò gbọdọ̀ rí, ó dùn mí pé wọ́n fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, wọn kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ó rí wọn. Èmi náà rí wọn lọ́nà Tẹ́gìnà."

Ní ti James Stewart, àwọn tó ń ṣe àríwísí fíìmù láti ọjọ́ yìí wá kò dákẹ́ lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni Lindbergh nígbà tó fò. Stewart ń sún mọ́ 50 nígbà tí fíìmù náà jáde. Wọ́n kun irun rẹ̀, ó jẹun díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè fọn, síbẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń sọ òótọ́. Nínú àwọn ìran ìgbà èwe, nígbà tó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ológun tàbí tó ń fi bàálù kiri ìletò láti gbé èrò fún owó péréte, kò ṣeé gbà gbọ́ rárá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ inú bàálù, mi ò fẹ́ ọ̀dọ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n bí Stewart ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1908, èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí Lindbergh gbéra gan-an ló pé ọmọ ọdún 19. Òun náà dàgbà di awakọ̀ bàálù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wa bàálù ajubọ́ǹbù láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sórí ilẹ̀ àwọn ọ̀tá ní ìgbà 20, kì í ṣe fún àwòrán, fún ogun gidi. Nígbà tó bá gbé ọwọ́ lé ohun tó fi ń darí bàálù nínú fíìmù yìí, ọwọ́ náà mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí àárẹ̀ bá sì hàn lójú rẹ̀, àárẹ̀ àgbàlagbà ni, tó ti rí i kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra kí wọ́n má padà. Ọ̀dọ́ tó rẹwà kò lè ya irú ojú bẹ́ẹ̀ láwìn.

Ibi tí fíìmù náà ti kù káàtó ni ìyókù àwọn ìrántí. Wilder mọ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo nínú àga fún wákàtí 33 kò lè di fíìmù fúnra rẹ̀, nítorí náà ó ń fà wá padà sẹ́yìn lemọ́lemọ́. Ìran òru òjò tí Lindbergh fi bàálù lẹ́tà sílẹ̀ tó fi párásúùtù bẹ́ dára. Ìran àlùfáà Kátólíìkì tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, tí kò sì mọ̀ ọ́n wà rárá, pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó sú mi lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó ń ta okùn ṣòkòtò nínú ọkọ̀ ojú irin kò wúlò fún ohunkóhun. Ẹni tó bá dìde lọ bu omi mu ní àsìkò wọ̀nyí kò pàdánù nǹkan kan.

Àlùfáà náà ní ìwúlò kan ṣá. Ó ti bi Lindbergh léèrè nípa àdúrà, ìdáhùn ọmọkùnrin náà sì ni pé ohun tí òun bá lè fojú rí, tí òun lè fọwọ́ kàn, ni òun gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kọ̀ láti gbé àmì St. Christopher, ẹni mímọ́ àwọn arìnrìn-àjò, dání. Ẹnì kan wá fi í pamọ́ sínú àpò búrẹ́dì rẹ̀, orí òkun ló sì ti rí i.

Mo ní láti sọ ohun kan tó ń yọ mí lẹ́nu, nítorí kò ní bójú mu kí n yin fíìmù yìí kí n sì pa á mọ́. Ọdún 1927 ni fíìmù náà parí sí, nínú ariwo ayọ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ Lindbergh tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa ní ọdún 1932, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ọkùnrin náà dà lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1938, Hermann Göring, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Jámánì, gbé àmì-ẹ̀yẹ ìjọba Hitler lé e lọ́wọ́ ní Berlin, kò sì dá a padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, ó dúró níwájú èrò ní ìlú Des Moines ní Amẹ́ríkà, ó sì ka àwọn Júù mọ́ àwọn tó ní wọ́n ń ti Amẹ́ríkà sínú ogun. Júù ni Billy Wilder. Ó sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1933 nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n pa nínú ìpakúpa àwọn Júù. Bí mo bá rántí èyí, tí mo sì rí bí ó ṣe fi sùúrù àti ìfẹ́ ya àwòrán ọmọkùnrin náà nínú àga hínhun rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń wúwo fún mi. Fíìmù tó dá lórí ọjọ́ méjì nínú ayé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti dúró lórí ọjọ́ méjì náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó lónìí gbọ́dọ̀ mọ ìyókù, kí ó má baà fi ìgboyà òru kan ra ìdáríjì fún ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ ní ọjọ́ mìíràn.

Fíìmù náà kò pa owó tí wọ́n ná sí i wọlé nígbà tó jáde. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar nítorí ọgbọ́n àrà inú àwòrán rẹ̀, kò sì gbà á. Lójú tèmi, àrà náà ṣì dúró. Bàálù Ryan àtijọ́ mẹ́ta ni wọ́n tún ṣe kó lè jọ ti Lindbergh, nítorí náà ohun tí a ń rí lókè òkun àti lókè pápá tútù ilẹ̀ Ireland jẹ́ bàálù gidi nínú òfuurufú gidi. Robert Burks wà lára àwọn tó di kámẹ́rà mú, orin Franz Waxman sì mọ ìgbà tó yẹ kó yọ̀ǹda àyè fún ìró ẹ́ńjìnnì. Ìró ẹ́ńjìnnì yẹn ni orin gidi inú fíìmù náà. Bí ó bá ti yí padà díẹ̀, ìdí ẹni á gbéra lórí àga.

Ilẹ̀ Ireland yọ, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ sì ti ṣú nígbà tí ìmọ́lẹ̀ Paris hàn. Níbẹ̀ ni Stewart ti ṣe ohun tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ níbí. Ọkùnrin tó ti la òkun já kò rántí bí a ṣe ń balẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ń wo iná tó pọ̀ ní Le Bourget, pápá bàálù Paris, kò mọ èyí tó jẹ́ pápá, kò mọ èyí tó jẹ́ iná mọ́tò àwọn tó ń sáré bọ̀ wá wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó ní ohun tí òun bá fọwọ́ kàn ni òun gbà gbọ́ wá ké pe Ọlọ́run pé kó ran òun lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé. Bàálù náà fi táyà kan ilẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 33 àti ìṣẹ́jú 30. Èrò ya lu pápá bí omi tó já ògiri, wọ́n fà á jáde, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń fì í síwá fì í sẹ́yìn, ọkùnrin náà kàn ń wo òkè bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Bàbá mi ti bọ́ fìlà wọn sórí itan. Wọ́n wo ariwo náà títí, wọ́n sì mi orí. "Ẹ wò wọ́n," ni wọ́n wí, "wọn ò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ sùn."